Ọmọ Kamẹrúùnù inú bọ́ọ̀sì Orè: òfin wà, ta ló ń tẹ̀ lé e?

Ọjọ́ Àìkú kan ni, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú-Òde, mò ń bọ̀ ní Orè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kòtò nìkan kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Ó ku díẹ̀ ká wọ Orè ni àwọn agbófinró kan ní kí dẹ́rẹ́bà wa páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò ní dárúkọ àjọ wọn. Wọ́n ní kí oníkálukú mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde. Mo mú NIN mi jáde. Ọkùnrin Ègùn kan tó jókòó sẹ́yìn mi, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó kan lápá Odígbó, na káàdì tiẹ̀ sí wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà fún un. Ó wá ku ẹnì kan tí gbogbo wa ní gáréèjì mọ̀ sí Bàméńdà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Káàdì ogúnléndé ló mú jáde.

"Cameroon no dey ECOWAS," ni ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì wí. Ó ní kó bọ́ sílẹ̀.

A dúró tó wákàtí kan. Ìyá kan tó gbé búrẹ́dì dání bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú. Ọmọ dáadáa ni, òun ló tún fóònù mi ṣe." Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa lọ. Bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa tan ara wa.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yẹn sọ kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé, torí pé ó tọ̀nà, kò sì tọ̀nà. Lóòótọ́, Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS. Àmọ́ kò tìtorí ìyẹn di ẹni tí wọ́n lè sọ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹrù tí kò lólówó. Mo ka òfin ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀ ní Dakar lọ́dún 1979 ló jẹ́ kí ọmọ Benin, ọmọ Tógò tàbí ọmọ Gánà lè wọ Nàìjíríà láì gba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ìwé tó máa lọ gbà. Àdéhùn yìí ló bo ọkùnrin oko kòkó tó wà lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló lé e kúrò nílé. Ó ṣáà ti jẹ́ ọmọ ilé.

Ní ti ECOWAS, Bàméńdà kì í ṣe ọmọ ilé. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn Áfíríkà ni Kamẹrúùnù wà. Ohun tó bo òun kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ECOWAS rárá. Òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni, òfin ogúnléndé ti ọdún 1989 (Decree 52 nígbà náà lọ́hùn-ún), èyí tó dá àjọ tí a mọ̀ sí NCFRMI lónìí sílẹ̀. Abala kìíní òfin náà là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ogúnléndé lọ́nà láti wọ Nàìjíríà, wọn ò gbọdọ̀ lé e jáde, wọn ò sì gbọdọ̀ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ máa wà nínú ewu ni wọ́n fẹ́ dá a padà sí. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé "bí ààrẹ bá fẹ́". Kò sọ pé "tó bá jẹ́ ọmọ ECOWAS".

Ta ni òfin wá ń pè ní ogúnléndé? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1951, tí gbogbo ayé ń lò, ní ẹni tó sá wá gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rù tó nídìí pé wọ́n máa ṣe inúnibíni sí òun, nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, àwọn tó ń bá dọ́gba láwùjọ, tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Yúróòpù lẹ́yìn ogun Hitler ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 1969, àwọn olórí Áfíríkà jókòó ní Addis Ababa lábẹ́ OAU, wọ́n rí i pé aṣọ yẹn kò gba wá tán. Ẹni tí ogun lé kúrò lábúlé kì í sábà ní lẹ́tà lọ́wọ́ tí ẹnì kan fi halẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gba ti Geneva wọlé, wọ́n wá fi kún un pé ẹnikẹ́ni tó bá sá kúrò nílé nítorí pé ọ̀tá láti òde kọ lu ìlú rẹ̀, tàbí àjèjì gba ilẹ̀ wọn, tàbí nǹkan ṣẹlẹ̀ tó da ìlú rú gidigidi, ogúnléndé lòun náà, ì báà ṣe apá kan orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni wàhálà náà wà. Òfin wa ti 1989 gbé gbólóhùn yìí wọlé bó ṣe rí.

Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì wa. Ní ìparí ọdún 2016, àwọn lọ́yà àti tíṣà ní apá Kamẹrúùnù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sígboro, wọ́n ní ìjọba Yaoundé ń fi Faransé tẹ àwọn mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí 2017, ìbọn ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sun abúlé, ilé ìwé tì. Nígbà tó di 2021, àwọn tó ti sá wọ Nàìjíríà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ti lé ní 70,000. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní Adagom nítòsí Ogoja, àwọn mìíràn wà ní Ikyogen ní ìpínlẹ̀ Benue. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń tún fóònù ṣe yìí wá fi hàn pé Paul Biya mọ orúkọ òun, níbo ló ti máa rí ẹ̀rí ìyẹn? Òfin tí àwọn bàbá wa ṣe ní Addis kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sá kúrò níbi tó ń jó. Ó tó.

Mo mọ̀ pé lọ́yà kan ti ń rẹ́rìn-ín níbi tó wà: "Abala kejìlá ìwé òfin 1999 ńkọ́?" Òótọ́ ni, abala yẹn ní àdéhùn kankan pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn kò lágbára òfin níbí àyàfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ dòfin, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì tún un sọ lọ́dún 2000 nínú ẹjọ́ Abacha àti Gani Fawehinmi. Àmọ́ àwọn èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa yìí ti dòfin tipẹ́. Ti ogúnléndé, 1989. Ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà, 1983, tí abala kejìlá tiẹ̀ ní ẹni tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí ní ẹ̀tọ́ láti wá ààbò nílẹ̀ mìíràn, kó sì rí i gbà, ní ìlànà òfin ilẹ̀ náà àti àdéhùn àgbáyé. Ìwé ẹ̀tọ́ ti àgbáyé, ti 1948, ní o lè wá ààbò, o sì lè jẹ ìgbádùn rẹ̀. Tiwa ní o lè wá a, kí o sì rí i gbà. Ìyàtọ̀ kékeré, àmọ́ lọ́yà lè fi jẹun fọ́dún mẹ́wàá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òfin Nàìjíríà kéré sí ti Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò kà á ni. Lórí ìwé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Níbi tí wọ́n ti ń yapa ni ọ́fíìsì àwọn alágbára, níbi tí ààrẹ kan ti máa ń pe ààrẹ kejì lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Abuja. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2018, àwọn agbófinró wọ òtẹ́ẹ̀lì Nera, wọ́n kó Sisiku Julius Ayuk Tabe, olórí àwọn tó ń jà fún òmìnira apá Gẹ̀ẹ́sì Kamẹrúùnù, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, wọ́n kó èèyàn 47 sínú ọkọ̀ òfurufú, ó di Yaoundé. Àjọ UNHCR pariwo pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ̀wé béèrè fún ààbò ní Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀gágun Babagana Monguno, olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò nígbà náà, sọ ni pé Nàìjíríà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀ rẹ̀ da orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ rú.

Mi ò fẹ́ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn kò nítumọ̀. Àdéhùn Addis fúnra rẹ̀ ní ogúnléndé kò gbọdọ̀ jókòó sí ilẹ̀ ẹni tó gbà á kó máa dojú ìjà kọ orílẹ̀-èdè tó ti wá, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ìbọn, ì báà jẹ́ pẹ̀lú rédíò tàbí ìwé ìròyìn. Ìjọba tó bá rí i pé ẹnì kan ń kó ìbọn kọjá odò lọ sí Kamẹrúùnù lè mú un, ó lè gbé e lọ sí kóòtù, ó lè fi í sẹ́wọ̀n níbí. Ohun tí Addis kò sọ ni pé kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Kódà, ti Geneva ló fi àyè sílẹ̀ fún ìjọba láti dá ẹni tó bá léwu fún ààbò ìlú padà. Ti Áfíríkà kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí ẹrù bá wọ orílẹ̀-èdè kan lọ́rùn, kó pe àwọn tó kù kí wọ́n bá a gbé e. Ẹ ò rí i pé níbí, tiwa le ju ti òyìnbó lọ.

Òfin 1989 sì ní ìlànà. Ẹni tó bá béèrè ààbò, ìgbìmọ̀ kan ló máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, ìgbìmọ̀ mìíràn wà tó lè pẹ ẹjọ́ sí. Kí wọ́n tó parí ẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti wà ní Nàìjíríà. Èwo nínú èyí ni wọ́n ṣe láàárín ọjọ́ 21 tó wà láàárín Nera àti ọkọ̀ òfurufú yẹn?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2019, Adájọ́ Anwuli Chikere ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja dájọ́ pé mímú tí wọ́n mú wọn àti dídá tí wọ́n dá wọn padà lòdì sófin. Ó dáa. Àmọ́ oṣù 13 ti kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, kóòtù ológun ní Yaoundé sọ mẹ́wàá nínú wọn sẹ́wọ̀n gbére. Ẹjọ́ tí wọ́n jàre rẹ̀ ní Abuja kò ṣí ilẹ̀kùn kankan fún wọn ní Yaoundé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbìyànjú láti jápa á rántí ọ̀rọ̀ Rwanda ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba London fẹ́ máa kó àwọn tó wá ààbò lọ sí Rwanda. Ní oṣù Kẹfà 2022, ọkọ̀ òfurufú ti wà ní pápá, èrò ti fẹ́ wọlé, kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg dá sí i, ọkọ̀ náà kò gbéra. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ ní ètò náà lòdì sófin, torí ó ṣeé ṣe kí Rwanda dá àwọn èèyàn náà padà síbi tí ewu wà. Mi ò sọ pé Yúróòpù ṣàánú ju wa lọ. Òfin àpapọ̀ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024, tí wọ́n dá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí oṣù Kẹfà 2026, le koko. Ohun tí mò ń sọ ni pé adájọ́ tiwọn sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Tiwa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọdún kan ó lé.

Ẹ tún wo òdì kejì. Ní oṣù Kẹjọ 2003, ààrẹ Olusegun Obasanjo gba Charles Taylor ti Liberia wọ Nàìjíríà, wọ́n fún un ní ilé ní Calabar. Nígbà yẹn, kóòtù pàtàkì ti Sierra Leone ti fẹ̀sùn ogun kàn án. Àdéhùn Geneva àti ti Addis ló sì sọ pé ẹni tí ìdí tó lágbára bá wà láti gbà pé ó hu irú ìwà ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí ààbò ogúnléndé. Lóòótọ́, nítorí kí ogun lè tán ní Monrovia ni wọ́n ṣe gbé e kúrò, èmi náà gbà pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì wà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gé lọ́wọ́ ní Sierra Leone. Àwọn ló gbé ìjọba lọ sí kóòtù ní Abuja lọ́dún 2004, wọ́n ní kí wọ́n wá ṣàlàyé irú ààbò tí wọ́n fún ọkùnrin náà. Ọdún 2006 ni wọ́n mú Taylor ní Gamboru-Ngala níbi tó ti fẹ́ sá kọjá sí Kamẹrúùnù. Ní 2012, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 50.

Ẹ fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Taylor wọlé nítorí pé ààrẹ fẹ́. Àwọn Nera jáde nítorí pé ààrẹ fẹ́. Kò séyìí tó gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin dárúkọ kọjá. Ní oṣù Kejìlá 2025, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Guinea-Bissau, ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí i kí ilé iṣẹ́ aṣojú wa ní Bissau dáàbò bo Fernando Dias, olùdíje alátakò. Mo kan sáárá sí i fún ìyẹn, ẹ̀mí èèyàn ni. Àmọ́ ẹ̀bùn lèyí náà. Ẹni tó bá lórúkọ, ààrẹ lè fún un ní ẹ̀bùn. Kí ni ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní gáréèjì Orè?

Àwa Yorùbá náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ará Bamenda lọ ní 2018, mélòó nínú wa ló sọ̀rọ̀? Èmi fúnra mi kò kọ ìlà kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2021, wọ́n mú Sunday Igboho ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu níbi tó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Jámánì, lójijì gbogbo wa di lọ́yà. Orí Twitter kún fún àdéhùn tí Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà ṣe ní 1984 lórí fífa ọ̀daràn lé ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n tún mú àdéhùn ECOWAS ti 1994 jáde, èyí tó ní wọn ò gbọdọ̀ fa èèyàn lé orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́ nítorí ọ̀ràn òṣèlú, tàbí tí ìdí bá wà láti gbà pé nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá a. Gbogbo ohun tí a ń kígbe ní Kútọnu yẹn ni ìjọba tiwa ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Abuja lọ́dún mẹ́ta ṣáájú. Kútọnu ti Igboho mọ́lé títí di oṣù Kẹta 2022, àmọ́ wọn ò fà á lé Abuja lọ́wọ́. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni o, ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ ni o, òfin ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé pé láyé Abacha, ọ̀nà Benin yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn NADECO gbà sá àsálà. Tinubu tó jẹ́ ààrẹ lónìí wà lára àwọn tó sá kúrò nílùú ní 1994, ó di 1998 kó tó padà.

Orè pàápàá kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ìsá. "Ó le kú, ìjà Orè" tí ẹ ń sọ lẹ́nu, ìtàn ló wà nídìí ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1967, ọmọ ogun Biafra gba Ìbìní, wọ́n ń bọ̀ lápá Èkó, ibí yìí ni wọ́n ti bá ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ pàdé. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 1967, ni Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn Geneva lórí ogúnléndé, nígbà tí ogun ṣì ń jà nínú ilé. Àwọn ọmọdé Biafra ni wọ́n ń kó lọ sí Gabon àti Ivory Coast. Nígbà tí ogun parí ní oṣù Kìíní 1970, Ivory Coast ni Ojukwu sá lọ. Ààrẹ wọn, Houphouët-Boigny, kò dá a padà fún Nàìjíríà. Ó wà níbẹ̀ títí di 1982 tí Shehu Shagari fi foríjì í tó sì padà wálé. Abala kejì àdéhùn Addis sọ ọ́ pé bí orílẹ̀-èdè kan bá fún èèyàn ní ààbò, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìwà ọ̀tá. Ojukwu jẹ àǹfààní ìyẹn.

Abidjan náà ni mo tún fẹ́ mú yín lọ, àmọ́ ọdún 2025 ni mò ń sọ báyìí. Akọ̀ròyìn kan wà ní Benin, Hugues Comlan Sossoukpè, ẹni tó ni ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Olofofo. (Ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá tó wà nínú orúkọ yẹn.) Ó sá kúrò nílùú rẹ̀ lọ sí Tógò, Tógò sì fún un ní ìwé ogúnléndé. Ní oṣù Keje 2025, ó lọ sí Abidjan fún ètò kan tí wọ́n pè é sí, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Kútọnu tó ti sá. Ọmọ ECOWAS ni, ó wà nínú ECOWAS, ó ní ìwé tí orílẹ̀-èdè ECOWAS fún un. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó ń béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níkàáwọ́ ẹ̀. Ìwé tí Tógò fún un kò níyì ní Abidjan.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì wa kò lóye ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. ECOWAS ń ṣí ọ̀nà fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu ń fẹ́ ohun mìíràn, ó ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn kan tì mọ́ ẹni tó ń lé e bọ̀. Ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọjà, ìlànà àpapọ̀ wà. Ní ọ̀rọ̀ ìwé ogúnléndé, oníkálukú ń ṣe tirẹ̀, kò sí òfin ECOWAS tó sọ ọ́ dandan pé ẹni tí Tógò bá gbà, kí Abidjan náà bu ọlá fún un.

Àmọ́ ìgbà kan wà tí méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀, kò sì jìnnà síbi tí bọ́ọ̀sì wa ti gbéra. Ní Òru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, àgọ́ ogúnléndé wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1990, nígbà tí ogun Liberia bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Sierra Leone náà wá bá wọn. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń sọ Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ogun tán nílé wọn, àwọn kan padà, àwọn kan ní àwọn kò lọ mọ́, ibí ti di ilé. Ní 2007, Nàìjíríà, Liberia, Sierra Leone, ECOWAS àti UNHCR fọwọ́ sí ìwé kan ní Abuja. Ìjọba Liberia àti Sierra Leone fún àwọn èèyàn wọn ní páásípọ́ọ̀tù, Nàìjíríà fún wọn ní ìwé ìgbélùú lábẹ́ àdéhùn ECOWAS. Báyìí ni ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé ṣe di aládùúgbò tó lè ṣiṣẹ́ láì fi ara pamọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló dùn mọ́ o; àwọn kan fẹ́ kí wọ́n gbé àwọn lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n jókòó sí Òru lẹ́yìn tí wọ́n ti àgọ́ náà. Síbẹ̀, ọgbọ́n wà nínú ẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bàméńdà kò lè gba ọ̀nà Òru, torí kò sí páásípọ́ọ̀tù ECOWAS kankan tí Yaoundé lè fún un, ká tiẹ̀ ní ó lè wọ ọ́fíìsì wọn láì bẹ̀rù. Òfin 1989 nìkan ló kù fún un, ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí a mú òfin náà ní òfin. Kí ọkọ̀ òfurufú kankan má gbéra pẹ̀lú ẹni tó ti béèrè ààbò kí ìgbìmọ̀ tó dá a lóhùn, kó sì tó láǹfààní láti pẹjọ́. Kí ọ̀gá ojú ọ̀nà mọ káàdì ogúnléndé lójú bó ṣe mọ káàdì NIN. Owó tí wọ́n máa fi kọ́ wọn kò tó owó epo ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dúró sójú ọ̀nà. Kí Abuja, tó jẹ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n nínú ECOWAS, gbé e sórí tábìlì pé ìwé ogúnléndé tí orílẹ̀-èdè kan bá fúnni gbọ́dọ̀ níyì nínú gbogbo wọn. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde ní oṣù Kìíní 2025. Àwọn akọ̀ròyìn àti alátakò tó ń sá kúrò níbẹ̀ ti wá di bí Bàméńdà: wọn kì í ṣe ọmọ ilé mọ́ lójú òfin ECOWAS. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní dín kù.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀gá yẹn ì bá máa gbọ́. Láti ọdún 2005, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú ní orílẹ̀-èdè ECOWAS lè gba kóòtù ECOWAS lọ tààrà, láì kọ́kọ́ la gbogbo kóòtù ilé kọjá. Òfin náà kò ní kó jẹ́ ọmọ ECOWAS. Abuja ni kóòtù ọ̀hún wà. Ọmọ Kamẹrúùnù lè pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé fóònù mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ń ki ṣájà bọ̀ ti bàjẹ́. A sọ̀rọ̀ àná díẹ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tó yẹ kí òun ti sọ fún wọn. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rísíìtì kan: orúkọ òfin náà, ọdún rẹ̀, àti "abala kìíní". Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí bóyá kí òun lọ lámínéètì ẹ̀. Mo ní kó ṣe é. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ló gbà lórí fóònù mi, kò yọ kọ́bọ̀ kan.